Baba Ajásin ò sá: ìrìnàjò àwọn NADECO

Ká ní ògiri ilé Olóyè Adékúnlé Ajásin l'Ọ̀wọ̀ lẹ́nu ni, ọ̀rọ̀ ìbá pọ̀. Ibẹ̀ làwọn àgbà Afẹ́nifẹ́re ti ń ṣèpàdé. Nígbà tí wọ́n sì dá NADECO sílẹ̀ lóṣù karùn-ún 1994, pé kí Abacha gbéjọba fún Abíọ́lá tó wọlé ìbò June 12, 1993, bàbá náà ni wọ́n fi ṣe olórí. Aráàlú ti ṣe ìwọ́de títí, ṣọ́jà ti yìnbọn pa èèyàn l'Ékòó, àtimọ́lé ló wá kù.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà òkè òkun nìyẹn. Wọlé Ṣóyínká jáde lóṣù kọkànlá 1994, ọ̀kadà ló gbé e gba inú igbó bọ́ sí orílẹ̀-èdè Benin. Anthony Enahoro jáde ní 1996. Àwọn kan ń yínmú pé ojo ni wọ́n. Ojo kẹ̀? Ìta yẹn náà ni Redio Kudirat ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lóṣù kẹfà 1996, orúkọ ìyàwó Abíọ́lá tí wọ́n yìnbọn pa lóṣù ọ̀hún ni wọ́n fi sọ ọ́. Ṣọ́jà ò rí i tì pa, kò kúkú sí nílé.

Baba Ajásin ní tiẹ̀ ò lọ síbì kankan. Ẹni tí wọ́n bí ní 1908, bọ́dà wo ló fẹ́ gun ọ̀kadà kọjá? Ọ̀wọ̀ ló jókòó sí, ibẹ̀ náà làwọn agbófinró ti wá mú un ní 1995. Oṣù kẹwàá 1997 ló kú. Abacha kú lóṣù kẹfà 1998, Ṣóyínká padà wálé lóṣù kẹwàá ọdún náà. Ọdún kan péré ni bàbá ò fi bá a.