Oúnjẹ Ọ̀sán Àwọn Ọmọ Ilé-Ìwé



Ní ìjọ́sí, kí iṣẹ́ òwúrọ̀ lè fúyẹ́, a se ìrẹsì lálẹ́ nínú ilé wa, a sì fi í sílẹ̀ nínú ìkòkò di ọjọ́ kejì. A tún un gbé kaná, a sì dì í fún ọmọ. Kí ó tó di ọ̀sán, ó ti ń bì. Wọ́n ní kí a wá mú un. Ohun tí a kò mọ̀ ni pé kòkòrò àìfojúrí kan wà nínú ìrẹsì tí iná kì í pa tán. Bí ìrẹsì sísè bá pẹ́ nílẹ̀ láìtutù, kòkòrò náà yóò tu oró sínú rẹ̀ tí àtúnsè kò lè mú kúrò.

Nítorí náà, ìpèsè ni kí a ṣe lálẹ́, kí a fi sísè sílẹ̀ di òwúrọ̀. Bí ẹ bá ní fìríìjì, ẹ dín ata tó ọjọ́ 3 sílẹ̀. Lálẹ́, kí bàbá ṣa òkúta inú ìrẹsì, kò bu iyì rẹ̀ kù. Kí ọmọ sì fọ fúláàsì rẹ̀. Ní òwúrọ̀, ẹ gbé ìrẹsì kaná kí ẹ tó jí àwọn ọmọ. Kí wọn tó wẹ̀, kí wọn sì wọṣọ tán, yóò ti jinná. Ẹ fi omi gbígbóná sínú fúláàsì fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ dà á nù, kí ẹ sì bu oúnjẹ sí i ní gbígbóná janjan.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìyá nìkan máa dá ẹrù òwúrọ̀ gbé.