Ìwé Ọmọdé Kì í Ṣe Iṣẹ́ Ọmọdé

Bí ẹni tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ní Ketu bá sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ìtàn-àròsọ fún àwọn ọmọdé ni òun fẹ́ máa kọ, ẹ̀rín ni wọn yóò kọ́kọ́ fi dá a lóhùn. Wọn a ní kí ó kúkú kọ ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀, kí àwọn olówó wá náwó sí i lọ́jọ́ ìkójáde. Lójú tiwọn, ìwé ọmọdé kò yẹ àgbà. Irọ́ gbáà ni!

J. F. Ọdúnjọ, tí a bí ní 1904, ti ṣe olùkọ́, ó ti ṣe mínísítà ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, àìmọye ọmọ sì ti fi Aláwíyé rẹ̀ mọ̀wé kà, kí ó tó gbé Kúyẹ̀ jáde ní 1964. Ẹni ọgọ́ta ọdún ni nígbà náà. Ta ni ó sì fi ṣe ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀? Ọmọ òrukàn kan, odi, adití! Ọmọ tí kò lè ro ẹjọ́ ara rẹ̀ ni àgbà yìí bá ro ó. Èmi kò rò pé sùúrù irú èyí wọ́pọ̀ lọ́wọ́ ọ̀dọ́. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, Laura Ingalls Wilder ti pé ọdún 65 ní 1932 kí ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ fún ọmọdé tó jáde.

Ṣùgbọ́n ẹ̀bi náà kò mọ sọ́dọ̀ àwọn apẹ̀gàn. Àwa àgbà tí a di kálámù mú náà jẹ̀bi. A kì í tíì kọ ojú ìwé mẹ́ta tí a ó fi bẹ̀rẹ̀ ìwàásù. Oko, odò àti Ìjàpá ni a ń kó fún ọmọ Ikosi tí kò tẹ oko rí. Ọmọ náà mọ ọkọ̀ ńlá tí ó ń kó tòmátì bọ̀ láti Òkè Ọya wá sí Mile 12. Ó mọ bí a ti ń ṣa èyí tí ó ti fẹ́ rà kúrò nínú apẹ̀rẹ̀. Ó ń fi Hausa dá aláàárù lóhùn, ó tún yíjú, ó ń fi Yorùbá ná ọjà. Ta ni ó ti kọ ìtàn tirẹ̀? Ẹni tí ó ti gbé Ketu fún ọgbọ̀n ọdún tí kò lè jókòó sí ìdí àtẹ kí ó pa ẹnu mọ́, kí ó sì tẹ́tí, kí ó máa kọ ìtàn ara rẹ̀ lọ.

Mo ti jẹ nínú ìyà ẹ̀ṣẹ̀ yìí. Mo ka orí kìíní ìwé tí mo ń kọ fún ọmọbìnrin kékeré kan ní àdúgbò wa. Ó fi sùúrù gbọ́ ọ tán, ó ní, “Bàbá, ṣé wọn kì í rán ọmọ inú ìwé yìí lọ sọ́jà ni?” Ojú ìwé mọ́kànlá ni mo fà ya lálẹ́ ọjọ́ náà.