Ta Ló Ṣe Ìlẹ̀kẹ̀ Ayé Àtijọ́?

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, bí ẹnì kan bá ní gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ ayé àtijọ́, òyìnbó ló kó o wá, ẹ ní irọ́ ni!

Ìtàn ní Láròóyè àti Tìmẹ́yìn ti Ìpólé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wá tẹ Òṣogbo dó. Nínú Igbó Ọ̀ṣun níbẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Akinwumi Ogundiran ti walẹ̀, tó bá ìlẹ̀kẹ̀ pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì rẹ̀. Ó ti lé ní 250 ọdún. Ní 2015, òun àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Ige kọ ọ́ jáde.

Ilé-Ifẹ̀ tiẹ̀ ti ṣáájú Òṣogbo nídìí iṣẹ́ yìí. Ìlẹ̀kẹ̀ Ifẹ̀ rìn títí dé ìlú Gao ní Mali, kí ọkọ̀ òyìnbó tó gúnlẹ̀ sí etíkun wa.

Àmọ́ àwọn tó ń wá ìlẹ̀kẹ̀ tà ti hú Igbó Olókun ní Ifẹ̀ káàkiri. Ohun tí ilẹ̀ ì bá sọ, wọ́n ti rú u pọ̀.

Ẹ̀yin bíríkìlà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbẹ́ kànga ní Òṣogbo àti Iléṣà, bẹ́ ẹ bá kan àfọ́kù ìkòkò tí nǹkan dídán bíi gíláàsì lẹ̀ mọ́, ẹ má dà á nù, ẹ má tà á. Ẹ ké sí ààfin. Owó ìlẹ̀kẹ̀ á tán lọ́la. Ìtàn rẹ̀ ò ní tán.