Ayekoo, Adabraka! Ilé Tó Fi Ọjọ́ Kan Ṣe Ẹ̀gbọ́n Gánà

Ayekoo, ẹ̀yin ará Adabraka! Ayekoo, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Orílẹ̀-èdè Gánà tó wà ní Barnes Road! Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú, ẹ kú àfaradà, ẹ kú oríire. Ilé tí ẹ ń ṣọ́ ti ń sún mọ́ 70 ọdún lórí ilẹ̀. Ó dúró, ara rẹ̀ ń dán, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ fún tọmọdé tàgbà. Ní àárín ìlú Accra, níbi tí katakata kì í ti í sinmi lára ògbólógbòó ilé, irú oríire bẹ́ẹ̀ tó ohun tí à ń lu agogo fún.

Ìtàn ọjọ́ ìbí ilé yìí dùn-ún sọ. Ọjọ́ 5, oṣù Kẹta, ọdún 1957 ni Princess Marina, Duchess of Kent, tó wá ṣojú Ọbabìnrin Elizabeth níbi ayẹyẹ òmìnira, ṣí i. Nígbà tí aago méjìlá òru ọjọ́ náà lù, Kwame Nkrumah dúró ní Old Polo Grounds, ó kéde fún gbogbo ayé pé Gánà ti gba òmìnira títí láé. Ilé náà ti ṣí ilẹ̀kùn kí wọ́n tó ta àsíá tuntun sókè. Ó fi ọjọ́ kan ṣe ẹ̀gbọ́n orílẹ̀-èdè tó ń jẹ́ orúkọ mọ́ ọn. Mo fẹ́ràn bí ọjọ́ méjì yẹn ṣe tẹ̀lé ara wọn. Àpótí ìjókòó àwọn ọba, ìlù tó ń sọ̀rọ̀, aṣọ kente, òṣùwọ̀n idẹ tí àwọn Akan fi ń wọn wúrà: irú nǹkan wọ̀nyí ni wọ́n tò sábẹ́ òrùlé kan, wọ́n ní kí aráyé wá wò ó. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, àwọn tó ni ín sì bọ́ lábẹ́ aláwọ̀ funfun.

Ṣùgbọ́n ẹrù ti wà kí ilé tó wà. Ilé-ẹ̀kọ́ Achimota ni wọ́n kọ́kọ́ ń kó àwọn nǹkan náà pamọ́ sí, Thurstan Shaw ló sì ń bojú tó wọn níbẹ̀ láti 1937 títí di 1945. Àwọn tó mọ ìtàn Yunifásítì Ìbàdàn yóò rántí orúkọ yẹn. Òun kan náà ló darí iṣẹ́ ìwalẹ̀ ní Ihò Eléérú, ní Ìsàrùn lẹ́bàá Àkúrẹ́, ní ọdún 1965, níbi tí wọ́n ti hú egungun èèyàn tó ti wà nínú ilẹ̀ fún ohun tó ju 10,000 ọdún lọ. Ọwọ́ tó ń nu eruku kúrò lára ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Gold Coast ló wá hú bàbá ńlá wa jáde nínú ihò. Láti Achimota, ẹrù náà bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀ka ìmọ̀ ìwalẹ̀ ní University College of the Gold Coast, lábẹ́ A. W. Lawrence, ẹni tó tún ṣe wàhálà púpọ̀ lórí àwọn odi àtijọ́ tí àwọn òyìnbó mọ sétí òkun. Àwọn odi yẹn ni UNESCO kọ mọ́ ogún gbogbo ayé ní ọdún 1979.

Ẹ jẹ́ kí n yin ilé náà fúnra rẹ̀, nítorí pé ilé tó lẹ́wà yẹ ní oríkì. Denys Lasdun, ti ilé-iṣẹ́ Drake and Lasdun, ló yàwòrán rẹ̀. Lákòókò yẹn, òun àti Maxwell Fry pẹ̀lú Jane Drew jọ wà nínú àjọṣe kan náà, Fry àti Drew ọ̀hún sì ni wọ́n yàwòrán ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó di Yunifásítì Ìbàdàn. Tí ẹ̀yin ọmọ Ìbàdàn bá débẹ̀, tí ẹ rí bí atẹ́gùn àti ìmọ́lẹ̀ ṣe rí ọ̀nà gbà wọlé, kó má yà yín lẹ́nu tí ara yín bá mọ́lé. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni Lasdun wá ya National Theatre tó ṣí ní London ní 1976, èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jákèjádò ayé. Ti Adabraka ti wà ṣáájú. Òrùlé rẹ̀ róbótó, alumíníọ́mù ni wọ́n fi ṣe é, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti rọ àwọn ẹ̀yà rẹ̀ kí wọ́n tó fi ọkọ̀ ojú omi kó wọn wá, tí wọ́n wá tò wọ́n pọ̀ lórí ilẹ̀ Accra. Oòrùn ń pa á, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun ń bá a jà, ọyẹ́ ń da eruku lé e lórí lọ́dọọdún, ó sì ń kọ mànà bí àwo fàdákà tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀.

Àdúgbò tó wà létí rẹ̀ ní ìtàn tirẹ̀. Ní ọdún 1908, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri kọlu Accra. Àwọn èèyàn fún mọ́ra ní ìlú àtijọ́ tó wà létí òkun, ìjọba amúnisìn sì wá ilẹ̀ tuntun tí wọ́n lè tú wọn ká sí. Adabraka jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀ náà, Korle Gonno jẹ́ òmíràn. Ẹ wo bí òpópónà Adabraka ṣe tọ́, tí ìkan ń dábùú ìkejì: ọwọ́ àwọn awọnlẹ̀ ìgbà yẹn ni. Láti inú ìbẹ̀rù ikú ni àdúgbò yìí ti bẹ̀rẹ̀, ó sì di ibi tí ayé gbé ń dùn. Àwọn Ga, Hausa, Fante, àwọn ará Lẹ́bánónì àtàwa Yorùbá jọ ń rajà, a jọ ń jókòó sí bàráńdà nírọ̀lẹ́. Ibẹ̀ ni Kàtídírà Ẹ̀mí Mímọ́ àwọn Kátólíìkì wà, níbi tí Póòpù John Paul Kejì dé ní oṣù Karùn-ún ọdún 1980.

Mo fẹ́ràn àwọn ilé ẹbí Adabraka, èyí tó ní àgbàlá láàárín, fèrèsé onípákó àti àtẹ̀gùn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń wó lulẹ̀. Ilẹ̀ ti di wúrà, àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ tó jogún ilé kan ṣoṣo pọ̀, ẹni tó fẹ́ kọ́ òtẹ́ẹ̀lì tàbí ilé ìtajà alájà mẹ́rin sì mú owó lọ́wọ́. N kò bú ẹnikẹ́ni. Ebi kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọlé. Accra náà sì ti mọ ohun tó burú ju kí ẹbí ta ilé wọn lọ: ní oṣù Kẹjọ ọdún 1979, àwọn sójà fi àdó olóró wó ọjà Makola, èyí tó ti wà láti 1924, wọ́n sọ ibi tí àwọn ìyálọ́jà ti ń jẹun di ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ìdí nìyẹn tí inú mi fi ń dùn sí ilé kan tí wọ́n tì, tí wọ́n tún ṣe, tí wọ́n sì ṣí padà.

Ọdún 2015 ni wọ́n ti ilẹ̀kùn Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé náà fún àtúnṣe. Ọdún burúkú ni ọdún yẹn fún agbègbè náà: ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹfà, omi òjò kún, iná sì sọ ní ilé epo kan ní Kwame Nkrumah Circle, ó lé ní 150 ẹ̀mí tó lọ sí i. Ẹ kú ewu o, ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ́kù. Ọdún gorí ọdún, ilẹ̀kùn ṣì wà ní títì. Ẹni tó bá mọ bí nǹkan ṣe ń lọ níhà tiwa mọ ohun tí irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń bí. Ilé ìjọba tó bá wà ní títì pẹ́, koríko ni yóò kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà olè, lẹ́yìn olè, oníṣòwò ilẹ̀. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2022, ilẹ̀kùn ṣí! Wọ́n pe àfihàn àkọ́kọ́ ní Unity in Diversity, wọ́n tún gbogbo ẹrù tò, ọmọ tí wọn kò tíì bí nígbà tí wọ́n ti ilé náà sì ti dàgbà tó láti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé. Ẹ gbà mí láàyè kí n pariwo: ẹ ṣeun! Ẹ ṣeun tí ẹ kò fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Ẹ ṣeun tí ẹ tún un ṣe.

Ìpín wa wà nínú ayọ̀ yìí. Kí Adabraka tó wà rárá ni àwọn èèyàn ìhà ọ̀dọ̀ wa ti ń gbé ní Accra. Ngleshie Alata ní James Town ń jẹ́rìí sí i, àwọn Tabom tí wọ́n ti Brazil padà dé ní 1836 náà ń jẹ́rìí, Ilé Brazil wọn tí wọ́n tún ṣe ní 2007 sì wà ní James Town di òní. Lẹ́yìn wọn ni àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà, Ṣakí àti Ìgbòho rọ́ wá. Wọ́n kọ́lé, wọ́n bímọ, àwọn ọmọ gbọ́ Twi àti Ga yékéyéké. Ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, ọdún 1969 ni ìjọba Kofi Busia ní kí àjèjì tí kò ní ìwé kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ ló fi ilé àti ọjà sílẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ padà wá nígbà tó yá, nítorí ibi tí ìwọ́ ẹni wà ṣòroó gbàgbé. Ìwé ìtọ́nà àwọn arìnrìn-àjò ti pẹ́ tó ti ń ka orí idẹ Ifẹ̀ mọ́ àwọn ohun tí wọ́n ń fi hàn ní Barnes Road, lẹ́gbẹ̀ẹ́ agọ̀ àwọn Senufo. Wọn kò lé orí Ifẹ̀ lọ ní 1969.

Èkó pàápàá ní ẹgbẹ́ ilé yìí. Ọdún 1957 kan náà ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Oníkàn, èyí tí Kenneth Murray dá sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023, wọ́n ṣí John Randle Centre sí tòsí rẹ̀ fún àṣà àti ìtàn Yorùbá, mo sì ti yọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n Èkó kan náà ni wọ́n ti wó Ìlójò Bar ní Tinúbú, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, ilé ọdún 1855 tí ìjọba ti kéde láti 1956 pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Òkìtì àlàpà ló kù. Ọgbẹ́ yẹn kò tíì jinná lọ́kàn mi, òun ló sì jẹ́ kí oríire Adabraka dùn mọ́ mi tó báyìí.

Ní ọjọ́ 5, oṣù Kẹta, ọdún 2027, ilé náà yóò pé 70 ọdún gééré. Kí Ghana Museums and Monuments Board má fi í ṣe kékeré. Kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ilé ẹbí tó kù ní Adabraka láti ìsinsìnyí, kí ìjọba ìbílẹ̀ Korle Klottey sì dín owó orí kù fún ẹni tó bá tún ti bàbá rẹ̀ ṣe dípò kó wó o. Ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí tó tóbi jù nìyẹn. Kí àwọn Ga gbé ìlù kpanlogo jáde, kí tiwa gbé dùndún àti gángan pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní Accra, ẹ tètè mú aṣọ. Ẹni tí fọ́tò ṣọ́ọ̀bù, ìwé ọjà tàbí òṣùwọ̀n ìyá rẹ̀ bá wà nínú àpótí láti ṣáájú 1969, kó gbé e lọ sí Barnes Road, kó béèrè bí wọ́n ṣe ń gba ohun ìrántí lọ́wọ́ aráàlú. Kí alùbáríkà má wọ́n níbẹ̀ láé. Àárọ̀ ni kí ijó ti bẹ̀rẹ̀, kó sì wọnú ọjọ́ kejì, ọjọ́ ìbí àbúrò.