Matthew Lyon: Ẹlẹ́wọ̀n Tí Àwọn Àgbẹ̀ Fi Ìbò Gbé Ga

Ẹ̀yin ará wa, bí àwọn akọ̀tàn kan bá dárúkọ Matthew Lyon ti Amẹ́ríkà, ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé òun ni ó tutọ́ sí aṣòfin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lójú nínú ilé ìgbìmọ̀. Wọn a rẹ́rìn-ín, wọn a sì kọjá sí ọ̀rọ̀ mìíràn. Àwa kò ní bá wọn rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni pé ó tutọ́, a kò sì ní bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n itọ́ kọ́ ni wọ́n torí rẹ̀ sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. Ìwé tí ó kọ ni wọ́n torí rẹ̀ sọ ọ́ sẹ́wọ̀n, ẹni tí ó bá sì fi ìtàn itọ́ dí wa lójú kí a má baà rí ìwé náà, iṣẹ́ àwọn tí ó tì í mọ́lé ni ó ń bá wọn ṣe.

Ọmọ ilẹ̀ Ireland ni, a bí i ní nǹkan bí ọdún 1750. Ọmọdékùnrin ni nígbà tí ó wọ ọkọ̀ òkun lọ sí Amẹ́ríkà, kò ní owó ọkọ̀, ó sì di ìwọ̀fà nítorí gbèsè náà. Ọ̀gá rẹ̀ àkọ́kọ́ fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, akọ màlúù méjì sì ni èyí fi gbà á. Àwọn ọ̀tá rẹ̀ kò jẹ́ kí ó gbàgbé èyí títí ayé rẹ̀. Òun náà kò fi ṣe ìtìjú: àwọn akọ màlúù wọ̀nyí gan-an ni ó máa ń fi búra! Nígbà tí ó bọ́ lóko ìwọ̀fà, ó kọjá sí Vermont, ilẹ̀ òkè àti igbó, ó sì tẹ ìlú Fair Haven dó ní 1783. Ó kọ́ ilé ìlagi síbẹ̀, ó kọ́ ilé iṣẹ́ irin, ó sì kọ́ ilé tí a ti ń ṣe bébà. Ní 1793 ó gbé ìwé ìròyìn kan kalẹ̀. Orúkọ tí ó sọ ọ́, bí a bá túmọ̀ rẹ̀ sí èdè wa, ni Ilé Ìkàwé Àwọn Àgbẹ̀. Kì í ṣe àwọn amòfin àti ọlọ́lá ni ó ń kọ̀wé sí, bí kò ṣe àwọn tí ń fi àáké àti ọkọ́ jẹun. Ó du ipò aṣòfin lẹ́ẹ̀kan, ó tún du ú, ó pàdánù. Ní 1797 ó wọlé.

Ẹgbẹ́ Federalist ti Ààrẹ John Adams ni ó di ìjọba mú nígbà náà. Ẹgbẹ́ Thomas Jefferson, tí Lyon ń bá ṣe, ni ó ń takò wọ́n. Ní ọjọ́ 30 oṣù kìíní, ọdún 1798, Roger Griswold ará Connecticut fi Lyon ṣẹ̀sín nítorí ẹ̀gàn kan tí ó bá a nígbà ogun òmìnira, Lyon sì tutọ́ sí i. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì Griswold gbé ọ̀pá wọ inú ilé ìgbìmọ̀, ó sì lù ú bí ẹni lu bàrà; Lyon fi ẹ̀mú ààrò gbèjà ara rẹ̀. Ìwà àbùkù ni lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Síbẹ̀, bí a tilẹ̀ ń sunkún, a máa ń ríran: ta ni ó ń rántí ẹni tí ó gbé ọ̀pá?

Ní ọjọ́ 14 oṣù keje ọdún náà ni Adams fọwọ́ sí òfin ọ̀rọ̀ ìṣọ̀tẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá kọ ọ̀rọ̀ èké àti àbùkù nípa ìjọba, nípa ilé ìgbìmọ̀ tàbí nípa Ààrẹ lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún 2, kí ó sì san 2,000 dọ́là. Ẹ wo àrékérekè tí ó wà nínú rẹ̀. Òfin náà dáàbò bo Ààrẹ, kò dáàbò bo igbákejì rẹ̀, nítorí Jefferson ni igbákejì! Wọ́n sì dá ọjọ́ tí òfin náà yóò kú: ọjọ́ 3 oṣù kẹta, ọdún 1801, ọjọ́ tí ó ṣáájú òpin ìjọba Adams. Bí òfin náà bá dára fún ìlú, kí ni ó dé tí òun àti àwọn tí ó ṣe é fi ní láti jọ kógbá wọlé?

Àwọn agbèjà rẹ̀ a máa wí pé òfin náà rọ̀ ju ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ, nítorí pé ó gba olùjẹ́jọ́ láàyè láti fi hàn pé òótọ́ ni ohun tí òun kọ. Ọ̀rọ̀ dídùn ni, ṣùgbọ́n kí ni Lyon kọ? Ó kọ ọ́ pé Adams ń fi gbogbo ìgbà lépa agbára, pé ó fẹ́ràn ọlá asán àti ìyìn òmùgọ̀. Ẹlẹ́rìí wo ni yóò wá sí kóòtù láti fi òṣùwọ̀n wọn ìfẹ́ ọlá tí ó wà nínú ọkàn ènìyàn? Nígbà tí wọ́n ṣe ẹjọ́ náà ní Rutland ní oṣù kẹwàá, Lyon bi adájọ́ Paterson fúnra rẹ̀ léèrè bóyá kò tí ì bá Ààrẹ jẹun rí, kí ó sì fojú ara rẹ̀ rí ọlá asán náà. Adájọ́ dáhùn pé ìwà ìrẹ̀lẹ̀ nìkan ni òun rí. Bí òtítọ́ ṣe gba Lyon sílẹ̀ nìyẹn! Èyí tí ó tún burú jù ni pé oṣù kẹfà ni ó kọ ìwé náà, kí òfin tó dé. A kàn tẹ̀ ẹ́ jáde lẹ́yìn tí òfin dé ni.

Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́rin, owó ìtanràn 1,000 dọ́là. Ọgbà ẹ̀wọ̀n wà ní Rutland níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbé e lọ sí Vergennes tí ó jìnnà, sínú iyàrá kan tí ó gùn ní ẹsẹ̀ 16, tí ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ 12. Ṣáláńgá wà ní igun rẹ̀, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo ilé. Fèrèsé rẹ̀ kò ní gíláàsì, irin nìkan ni ó wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìgbà òtútù Vermont ti ń wọlé bọ̀.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ẹ ń ka ìwé yìí, ibi tí ọ̀rọ̀ kàn yín nìyí. Ní oṣù kejìlá, nígbà tí Lyon ṣì wà ní àtìmọ́lé, àwọn ará oko Vermont jáde, wọ́n sì dìbò yàn án padà, ó sì fi ìbò púpọ̀ ta ẹni tí ó bá a du ipò náà yọ. Àwọn tí ó dìbò wọ̀nyí mọ̀ nípa itọ́ náà, wọ́n mọ̀ nípa akọ màlúù, wọ́n sì mọ ìwà gbígbóná ọkùnrin yìí ju bí akọ̀tàn ti mọ̀ ọ́n lọ. Wọn kò sọ pé ènìyàn mímọ́ ni. Ohun tí wọ́n sọ ni pé aṣojú àwọn ni, àti pé kò tọ́ sí Ààrẹ láti yan aṣojú fún wọn nípa títi ẹni tí wọ́n fẹ́ mọ́lé.

Owó ìtanràn ṣì kù. Anthony Haswell, olóòtú ìwé ìròyìn ní Bennington, tẹ ìkéde tẹ́tẹ́ kan jáde tí wọ́n fẹ́ fi kó owó náà jọ. Wọ́n gbé òun náà lọ sí kóòtù, ó sì ṣẹ̀wọ̀n oṣù méjì ní 1800. Àwọn ọ̀rẹ́ ní Virginia dá owó, ọ̀kan nínú wọn sì gbé e wá. Nígbà tí Lyon jáde ní oṣù kejì, ọdún 1799, àwọn Federalist tún fẹ́ lé e kúrò nílé ìgbìmọ̀. Ìbò 49 sọ pé kí ó lọ, 45 sọ pé kí ó jókòó; ṣùgbọ́n ìdá méjì nínú mẹ́ta ni òfin béèrè, ó sì jókòó.

Àwọn tí ó fẹ́ lé e ìbá mọ ohun tí ń bọ̀! Ní 1801, nígbà tí Jefferson àti Aaron Burr ní iye ìbò kan náà, ilé ìgbìmọ̀ ni ó ní láti yan Ààrẹ, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní ìbò kan. Aṣòfin méjì ni Vermont ní, ọ̀tọ̀ ni ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń lọ, ìbò ìpínlẹ̀ náà sì di òfo ní ìgbà 35. Ní ìgbà 36, ní ọjọ́ 17 oṣù kejì, èkejì fà sẹ́yìn, Lyon nìkan ni ó dìbò fún Vermont, ó sì fi í fún Jefferson. Bí Adams ti ń kógbá wọlé, ẹlẹ́wọ̀n rẹ̀ wà lára àwọn tí ó yan arọ́pò rẹ̀.

Lẹ́yìn náà Lyon kó lọ sí Kentucky, àwọn ará ibẹ̀ náà sì yàn án sílé ìgbìmọ̀ láti 1803 títí di 1811. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ, ọdún 1822, ó kú ní Arkansas, níbi tí ó ti ń bójú tó òwò ìjọba láàrin àwọn ènìyàn Cherokee. Ní 1840 ni ilé ìgbìmọ̀ Amẹ́ríkà ṣe òfin láti dá owó ìtanràn náà padà fún àwọn ajogún rẹ̀, pẹ̀lú owó kóòtù àti èlé orí rẹ̀. Ọdún 18 ti kọjá lẹ́yìn tí ẹni tí ó ṣẹ̀wọ̀n ti lọ.