Yìnyín Orí Òkè Kàn Wá O

Calgary ni wọ́n bí mi sí, ọmọ ọdún 11 ni mí.

Ní oṣù Kejì, dádì mi kó wa lọ sí Banff láti rìn nínú yìnyín. A rí pátákó kan lẹ́bàá ọ̀nà tó ní ewu avalanche wà níwájú. Dádì ní, "Ọlọ́run á ṣọ́ wa, kò jìnnà." Mọ́mì ní, "Ẹ jẹ́ ká padà. Kí ló pa ọmọ Yorùbá pọ̀ mọ́ yìnyín orí òkè?" A padà. Inú bí mi lọ́jọ́ yẹn. Ní báyìí mo mọ̀ pé mọ́mì ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ má bínú, mi ò gba ìdí tí wọ́n sọ.

Avalanche ni kí yìnyín rẹpẹtẹ já lára òkè, kó ya wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Yìnyín máa ń wà ní ìpele ìpele. Tí ìpele ìsàlẹ̀ ò bá lágbára, ìwúwo ẹnì kan péré lè já tòkè. Ẹni tó ń rìn jẹ́jẹ́ nísàlẹ̀ pàápàá, ó lè bò ó. Tó bá ti dúró, ó máa ń le bíi kọnkéré. Lẹ́yìn bíi ìṣẹ́jú 10, ìrètí ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti dínkù gan-an.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 2003, avalanche pa akẹ́kọ̀ọ́ méje nítòsí Rogers Pass. Agbègbè Calgary níbí ni ilé ìwé wọn wà. Àwọn àgbà wà pẹ̀lú wọn, irinṣẹ́ wà lọ́wọ́ wọn. Ọjọ́ orí wọn ò ju ti ẹ̀gbọ́n mi lọ. Avalanche ò bi èèyàn bóyá ọmọ Yorùbá ni.

Àwọn òbí kan á ní, "Ẹ má lọ, ó tán." Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rẹ́ wa ń pè wá. Tí a ò bá mọ nǹkan kan, a kàn máa tẹ̀lé wọn ni.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín. Kí ẹ tó kó wa lọ, ẹ wo ìròyìn ewu yìnyín tọjọ́ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Parks Canada ló ń ṣe ti Banff. Láti 1 dé 5 ni wọ́n ń kà á, èèyàn sì máa ń kú ní 3 pàápàá. Tí pátákó bá ní ká dúró, ẹ jẹ́ ká dúró. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sínú òkè gidi, kó kọ́kọ́ lọ kọ́ ọ, kí gbogbo wọn sì mú transceiver, ọ̀pá gígùn tí wọ́n fi ń wá èèyàn, àti ṣọ́bìrì dání.

Ọlọ́run á ṣọ́ wa lóòótọ́, àmín. Ṣùgbọ́n dádì mi, bóyá pátákó yẹn gan-an ló fi ń ṣọ́ wa.