Ibi Tí Ọwọ́ Yín Kàn Kẹ́yìn Ni Kẹ́ Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ṣe mẹkáníìkì lóde òní, ọ̀rọ̀ yín ni mo fẹ́ sọ lónìí, mi ò sì ní fi epo bọ iyọ̀. Ẹ má wulẹ̀ wò mí bí ẹni tí ìmọ̀ rẹ̀ parí sórí kábúrétọ̀.

Oníbàárà gbé Corolla wá pé kẹ́ ẹ bá òun pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì. Ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn dé, orí ẹ́ńjìnnì ṣì gbóná janjan. Ẹ ki sípánà bọ̀ ọ́, kò yí. Kí lẹ ṣe? Ẹ wá páìpù gígùn, ẹ fi gùn ún nídìí, ọmọ iṣẹ́ méjì dìrọ̀ mọ́ ọn. Nígbà tó dún kẹ́ẹ́, ẹ ń yọ̀ pé ó ti tú. Kò tú o. Ó kán ni!

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Alumíníọ̀mù ni orí ẹ́ńjìnnì ọ̀hún, irin líle ni ara púlọ́ọ̀gì. Wọ́n ti jọ gbóná, wọ́n ti jọ tutù, fún nǹkan bíi kìlómítà 100,000. Ẹ wá fẹ́ tú wọn ká láàárín ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí alumíníọ̀mù bá gbóná ló ń rọ̀, ìgbà náà gan-an ni tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ máa ń bá púlọ́ọ̀gì jáde. Bó bá ti jáde, ó di ká tú orí ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, ká gbé e lọ fún ẹni tó máa gbẹ́ òmíràn sí i. Ta ló ń san owó yẹn? Oníbàárà ni.

Ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ fẹ́ atẹ́gùn sínú ihò rẹ̀, kí iyanrìn má bàa já sínú sílíńdà. Ẹ yí i díẹ̀. Tó bá ń han, ẹ dá a padà, ẹ fọ́n WD-40 sí i, ẹ lọ jẹun. Ẹ padà wá, ẹ tún yí i díẹ̀. Ẹ wo àwọn Ford F-150 tí wọ́n ṣe láti 2004 sí 2008, tó ní ẹ́ńjìnnì lítà 5.4: púlọ́ọ̀gì wọn a máa já sínú orí ẹ́ńjìnnì. Ford fúnra wọn kọ ìlànà fún àwọn mẹkáníìkì wọn pé kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá, kí wọ́n yí i díẹ̀, kí wọ́n da oògùn sí i, kí wọ́n sì dúró fún ìṣẹ́jú 15, ó kéré tán. Bí ẹni tó ṣe ọkọ̀ bá lè dúró, kí ló ń lé yín?

Ẹ tún ti dé ibi ká de tuntun, ẹ tún fi agbára dè é. Ọwọ́ lásán ni kẹ́ ẹ fi yí i wọlé títí yóò fi jókòó; lẹ́yìn náà, kẹ́ ẹ fi sípánà fún un ní ìdajì ìyípo, díẹ̀ ló lè lé. Gíríìsì tẹ́ ẹ ń pa sí tírẹ́ẹ̀dì, NGK tó ń ṣe púlọ́ọ̀gì ní kẹ́ ẹ má pa á, torí ó máa ń jẹ́ kéèyàn dè é kọjá bó ṣe yẹ.

Ibi tí inú ti ń bí mi jù wá nìyí. Ọkọ̀ jáde lọ́dọ̀ yín, kò tíì dé ìkòríta tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í mísì. Ó ń gbọ̀n, kò fẹ́ fà, iná ẹ́ńjìnnì ń ṣẹ́jú. Oníbàárà sáré padà, ẹ sì là á mọ́ ọn lójú pé, "Ọ̀gá, kọ́ìlì ti lọ. Ẹ lọ ra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ọjà Ládípọ̀." Ọkọ̀ tí kò mísì kó tó dé ọ̀dọ̀ yín! Ìgbà wo ni kọ́ìlì mẹ́rin kú ní ọ̀sán kan?

Ẹ tún ẹnu wáyà kọ́ìlì tì, kẹ́ ẹ gbọ́ kó dún. Ẹ tàn tọ́ọ̀ṣì sínú ihò: bí ọ́ìlì bá dúró síbẹ̀, gáskẹ́ẹ̀tì òkè ló ń jò, ó sì ti ba rọ́bà ẹnu kọ́ìlì jẹ́. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ wo tánganran rẹ̀ dáadáa. Tẹ́ ẹ bá rí ìlà dúdú tín-ín-rín kan níbẹ̀ bí ìlà lẹ́ẹ̀dì, ibẹ̀ ni iná ń gbà sá lọ. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ sípánà tẹ́ ẹ fi sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló sán an. Àbí ó bọ́ lọ́wọ́ yín sórí sìmẹ́ńtì, ẹnu rẹ̀ wá pa dé?

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ ìwádìí. Kóòdù P0303 ń sọ pé sílíńdà kẹta ló ń mísì. Ẹ gbé kọ́ìlì rẹ̀ sí ti àkọ́kọ́. Bó bá di P0301, kọ́ìlì yẹn ló ti bàjẹ́, ẹyọ kan péré sì ni. Bó bá dúró síbi tó wà, ẹ pààrọ̀ ipò púlọ́ọ̀gì, kó tó wá kan nozzle, kó tó kan kọ̀m̀pírẹ́ṣọ̀n. Kọ́bọ̀ kan ò tíì jáde lápò ẹnikẹ́ni. Bí iná bá sì ń ṣẹ́jú, ẹ má jẹ́ kí oníbàárà wa ọkọ̀ náà lọ sílé, torí epo tí kò jóná nínú ẹ́ńjìnnì ń lọ jóná nínú catalyst, á sì yọ́ ọ.

Ẹ̀yin oníbàárà náà, ẹ dín ìkánjú kù, kẹ́ ẹ sì gba púlọ́ọ̀gì àtijọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́wọ́ wọn, kẹ́ ẹ wò ó bóyá wọ́n pé. Mẹkáníìkì tó bá sì mú yín ra kọ́ìlì mẹ́rin nítorí wáyà kan tó gbàgbé láti tì wọlé, òun ló yẹ kó san owó náà padà.